Ta Ni Yóò San Gbèsè Yìí?

Bàbá bàbá mi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó kan. Wọ́n pẹ́ láyé, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n sì kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ará àdúgbò ní, “Ẹ̀san ti dé!”

Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn lọ́jọ́ tí èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé yàrá wo Infernal Affairs, fíìmù Hong Kong ọdún 2002. Orúkọ rẹ̀ lédè Cantonese, Mou Gaan Dou, tọ́ka sí ọ̀run àpáàdì àwọn ẹlẹ́sìn Buddha, níbi tí ìyà kì í ti í dáwọ́ dúró. Ni mo bá wádìí bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀san.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò tó wọn. Yip lọ̀rọ̀ inú ìwé. Òun làwọn atúmọ̀ èdè fi gbé karma, ìyẹn “ìṣe” lédè Sanskrit, nígbà tí ẹ̀sìn Buddha ti Íńdíà wọ Ṣáínà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Bou ying lọ̀rọ̀ ẹnu: bou ni kéèyàn san nǹkan padà, ying ni ìdáhùn.

Ibi tó kàn mí rèé. Kí ẹ̀sìn náà tó dé, wọ́n gbà pé ìdílé ló ń jẹ èrè ohun tí bàbá ṣe. Mọ́ńkì Huiyuan (334–416) wá kọ̀wé pé ẹ̀san lè dé láyé yìí, láyé tó kàn, tàbí lẹ́yìn ayé púpọ̀. Lójú ẹ̀sìn Buddha, ẹni tó ṣe é gan-an ni yóò san án.

Èrò méjèèjì ṣì jọ ń gbé nínú èdè náà. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ìyà ń jẹ, wọ́n lè kígbe pé “mou yam gung!”, ìyẹn ni pé kò sí oore ìkọ̀kọ̀, oore tí ẹnì kankan ò rí, tó ń ṣe ọmọ-ọmọ láǹfààní. Wọ́n ń fi bá ìkà wí, wọ́n sì tún ń fi ṣàánú.

Àbúrò mi ṣì ń kàwé lálaalẹ́. Ilẹ̀ opó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Mo ti sọ fún bàbá mi pé a lè dá a padà. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.