'Pass' àti 'Reference Book': Ìwé Kan, Orúkọ Méjì

Ní ọdún 1952, ìjọba aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin kan tí àkọlé rẹ̀ sọ pé wọ́n fẹ́ fòpin sí 'pass', ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìrìn ènìyàn dúdú nínú ìlú. Ẹni tó bá ka àkọlé nìkan á rò pé òmìnira dé. Òfin kan náà ló pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn dúdú tó ti pé ọmọ ọdún 16 máa gbé 'reference book' kiri.

'Pass' kò fi nǹkan pa mọ́. Ó ní kí o kọjá, o sì mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà tó lè dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n 'reference book'! Ìwé atúmọ̀ èdè ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Johannesburg níbí, ìwé tí ọmọ iléèwé ń yẹ̀ wò ní láíbìrì. Fọ́tò ẹni tó ni ín ló wà nínú rẹ̀, àti owó orí tó san, àti ojú ewé tí ọ̀gá rẹ̀ ń fọwọ́ sí lóṣooṣù. Láìsí àṣẹ, kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 72 lọ nínú ìlú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o lé àwọn obìnrin náà lọ́wọ́, nǹkan bí 20,000 wọn tú jáde lọ sí Pretoria ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1956.

Àwọn tó ń gbé e kò tilẹ̀ gba orúkọ tuntun náà. 'Dompas' ni wọ́n ń pè é, 'pass òmùgọ̀' lédè Afrikaans. Èyí wù mí púpọ̀: wọ́n dá ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà, wọ́n sì fi èébú kún un. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1960, Robert Sobukwe fi tirẹ̀ sílé, ó rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Orlando pé kí wọ́n mú òun. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69, ó kéré tán, ní Sharpeville. Ó di 1986 kí ìwé náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Nọ́ńbà 80, òpópónà Albert, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Johannesburg. Ilé yẹn ló jóná ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2023, tí ènìyàn 76 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn àlejò láti Malawi àti Tanzania. Wọn ò tíì sin òkú tán tí àwọn kan ti ń béèrè bóyá wọ́n ní ìwé.