Eré Vigilante 8 àti Ìtàn Epo Rọ̀bì: Láti Aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà dé Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Bí a bá tún eré fídíò kan tí ó jáde ní ọdún 1998 gbé yẹ̀wò lónìí, òwe yìí ni yóò wá síni lọ́kàn. Vigilante 8 ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Luxoflux ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Activision ni ó gbé e jáde fún ẹ̀rọ PlayStation.

Ọkọ̀ ni a fi ń jagun nínú eré náà. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé àti ọkọ̀ akẹ́rù tí a de ìbọn àti rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ń lé ara wọn kiri aṣálẹ̀, títí ọ̀kan yóò fi jóná. Ọmọdé tí ń ta á kì í sábà bìkítà fún ìtàn ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ni ó gbé e ró: ní ọdún 1975, epo wọ́n káàkiri ayé, àjọ oníṣòwò epo kan láti òkèèrè sì háyà àwọn jàǹdùkú kí wọ́n ba àwọn ilé ìfọpo Amẹ́ríkà jẹ́.

Àròsọ ni, ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà nítorí àtìlẹ́yìn tí ó ṣe fún Ísírẹ́lì nínú ogun. Nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀, owó àgbá epo kan ti gbéra láti nǹkan bí dọ́là 3 dé nǹkan bí dọ́là 12. Ohun tí ó jẹ́ òfò fún awakọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ọlà fún Nàìjíríà, tí ó ti wọ ẹgbẹ́ OPEC ní ọdún 1971. Àwọn àgbà ṣì ń rántí owó Údójì tí ìjọba Gowon san fún àwọn òṣìṣẹ́ lásìkò náà.

Eré náà kò sọ apá yìí. Kò sì sọ pé orílẹ̀-èdè tí ó ní epo lè máa tò nílé epo. Ní ọdún 1998 gan-an, ọ̀wọ́n bẹntiróòlù gbòde ní Nàìjíríà, nítorí àwọn ilé ìfọpo ìjọba kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ní Jesse, Ìpínlẹ̀ Delta, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jóná níbi tí epo ti ń tú láti inú páìpù. Ẹni tí ó bá kú nínú eré lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn ti Jesse kò rí àyè bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ẹni tí ó bá gba Ajah kọjá lọ sí Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí yóò dé ilé ìfọpo Dangote. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024, wọ́n sì kọ́ ọ láti fọ àgbá 650,000 lójúmọ́. Odò ti wà tipẹ́. Omi ìbọ́jú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọn.

Olùkọ́ ìtàn tí ó bá fi eré yìí han akẹ́kọ̀ọ́ kò fi àkókò ṣòfò, bí ó bá lè bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ta ni ó ń sọ ìtàn náà, ta sì ni a kò gbọ́ ohùn rẹ̀?