Àwọn Ọdún Àsìkò ní Ùsò, Ọ̀wọ̀ àti Agbègbè Wọn

Ọdún àsìkò ni ayẹyẹ tó máa ń padà dé lọ́dọọdún nígbà tí òjò, ọ̀gbẹlẹ̀, ìkórè tàbí òṣùpá bá ti kan ibi tí àwọn baba ńlá fi sí. Ùsò jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún tí wọ́n ń ṣe ní ìlú bẹ́ẹ̀ àti ní àyíká rẹ̀, títí dé Ìfọ̀n àti Ìdó-Àní ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀ṣẹ́, ju ẹyọ kan lọ: ọdún ìbílẹ̀ wà, ọdún onígbàgbọ́ wà, ọdún mùsùlùmí náà wà. Kò ṣàjèjì kí agboolé kan ṣoṣo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá lè jẹ́ mùsùlùmí, kí ọmọ máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyá àgbà sì jẹ́ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè pé ìgbà wo ni ọdún ìlú bọ́ sí.

Bí ènìyàn bá gbọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ọdún kọ̀ọ̀kan, yóò rò pé ìtàn náà ló bí ọdún. Lójú tèmi, oko ló kọ́kọ́ mú ọjọ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Ìtàn wá jókòó lé e lórí lẹ́yìn náà.

Oko àti iṣu

Ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún, ó sì tún máa ń rọ̀ títí di oṣù Ọ̀wàrà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ń kọ ebè, tí wọ́n ń gbin iṣu sí i. Tó bá di oṣù Òkudù, iṣu àná ti ń tán nínú àká, á gbówó lórí lọ́jà, tuntun kò sì tíì gbó. Ìgbà yẹn ni ebi máa ń rí ojú àgbẹ̀. Bí iṣu tuntun bá wá jáde ní oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún, kò sí bí wọn kò ṣe ní ṣe ọdún.

Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní èèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ iṣu tuntun ní gbangba kí wọ́n tó ṣe ọdún ìjẹsu, kí ọba tàbí àwòrò tó fi ẹnu kàn án. Àwọn kan rò pé ọ̀wọ̀ òrìṣà lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe lórí ebè. Ní àkọ́kọ́ ìkórè, kì í hú iṣu tegbòtegbò. Á rọra fi ọwọ́ àti àdá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè títí iṣu yóò fi hàn, á gé e nísàlẹ̀ orí rẹ̀ láìjẹ́ kí gbòǹgbò ya, á sì kó iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó. Ìtàkùn iṣu náà kò ní kú. Yóò tún ta, àwọn kékeré tó bá tún so ni àgbẹ̀ máa kó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ fún èbù ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹni tí ebi ń pa bá yọ ọwọ́ sí ebè ṣáájú àsìkò, iṣu tí kò gbó ni yóò rí, èbù á sì bàjẹ́. Èèwọ̀ yẹn, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ló ń ṣọ́.

Kí n má parọ́ fún òǹkàwé: iṣu tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ gún ní iyán tó jíire, nítorí omi inú rẹ̀ pọ̀. Sísè tàbí sísun ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdún, ta ni yóò gbé iṣu sísè síwájú àlejò? Iyán ni wọ́n máa gún.

Ìgógó

Èyí tó lókìkí jù nínú ọdún agbègbè yìí ni Ìgógó, tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìrántí Ọ̀rọnsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ni wọ́n ń ṣe, ìgbà iṣu tuntun náà ló sì bọ́ sí.

Ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ pé Ọ̀rọnsẹ̀n kì í ṣe ènìyàn lásán. Ó mú ọrọ̀ wá bá ọba, ọba sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn olorì yòókù lọ. Ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ju ìdì igi ìdáná mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé olórogún mọ ohun tó kù. Àwọn orogún rẹ̀ ṣọ́ ọjọ́ tí ọba kò sí nílé, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọ̀rọnsẹ̀n bínú jáde, àwọn ìránṣẹ́ ọba sì lé e dé inú igbó, ṣùgbọ́n kò padà wálé mọ́. Ó ní kí wọ́n máa rúbọ sí òun lọ́dọọdún kí ìlú lè tòrò.

Igbó Lája jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìtàn yìí mẹ́nu bà. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn tó jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ohun àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tó jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún: orí ènìyàn, àwọn ohun ìrúbọ, àti ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ọnà wọn jọ ti Ifẹ̀, ó sì tún jọ ti Bìní, bó ṣe yẹ kí ọnà ìlú tó wà láàárín méjèèjì rí. Èyí kò fi hàn pé Ọ̀rọnsẹ̀n gbé ayé rí. Ohun tó fi hàn ni pé wọ́n ti rúbọ nínú igbó náà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn.

Ayẹyẹ Ùpèlì ló ń ṣáájú nínú ètò Ìgógó, ọwọ́ àwọn ìjòyè àdúgbò Ìlọ́rọ̀ ló sì wà. Ní gbogbo ìgbà ọdún, a kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ní ìlú Yorùbá, níbi tí ayẹyẹ láìsí gángan ti dà bí ọbẹ̀ láìsí iyọ̀, ìdákẹ́ ìlù yìí ló máa ń kọ́kọ́ ya àlejò lẹ́nu. Ohun kejì ni ọba fúnra rẹ̀. Ọlọ́wọ̀ á di irun bí obìnrin, á wọ aṣọ bí olorì pẹ̀lú iyùn lọ́rùn àti lọ́wọ́, á sì jó jáde láti Àghọ́fẹ̀n, ààfin rẹ̀, lọ sí ìlú. Àwọn ìjòyè àgbà pẹ̀lú á di irun. Kò sí ẹni tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí wọ́n wọṣọ fún.

Ìgógó kò kú nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dé. Nígbà Ọlọ́wọ̀ Olátẹ́rù Ọlágbẹ̀gí Kejì, tó jọba láti 1941, ọdún náà ń lọ. Ọba Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnoyè Kẹta, tó gun orí ìtẹ́ ní 2019, ń ṣe é títí di òní.

Àwọn tó jọ ọ́ níbòmíràn

Àwọn Gã ìlú Àkrá ní Gánà náà ń pa ẹnu ìlù mọ́. Kí wọ́n tó ṣe Homowo, ní oṣù Ògún sí oṣù Ọwẹ́wẹ̀, wọ́n máa ń fòfin de ìlù àti ariwo fún bí oṣù kan, kí àgbàdo lè dàgbà ní ìdákẹ́. Ìtàn tiwọn ni pé ìyàn mú wọn nígbà kan, nígbà tí oúnjẹ sì pọ̀ padà, wọ́n fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Savalou, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọjọ́ 15 oṣù Ògún ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu tuntun, ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn Kátólíìkì sì ń ṣe Ọdún Ìgbàsókè Màríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu máa ń lọ sílé fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́nà jíjìn, àwọn ará Pẹ́síà ń ṣe Nowruz, ọdún tuntun wọn, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ọ̀sán àti òru dọ́gba tí òtútù sì ń lọ. Ọdún Ìdúpẹ́ ti Amẹ́ríkà náà jẹ́ ọdún ìkórè. Ààrẹ Abraham Lincoln ló sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1863, ilé aṣòfin wọn sì fi sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Bélú ní 1941.

Kérésìmesì, Ọjọ́ Àjíǹde àti Pẹ́ńtíkọ́sì

Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ tí a ń lò, ìwé ìlú Róòmù ló kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n ṣe é ní 336. Òjò dídì àti òtútù ló wà lára àwòrán káàdì Kérésìmesì. Ọyẹ́ ló ń fẹ́ ní Ùsò. Ètè á bẹ́, ẹsẹ̀ á funfun, eruku á bo ewé ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà bọ́ sí ibi tó dáa fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, nítorí ìgbà ìkórè kòkó ńlá ni. Bí kòkó bá ta, ọmọ á rí aṣọ tuntun àti bàtà. Bí kò bá ta, aṣọ èṣí á tún wúlò, télọ̀ á sì tú etí rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ọmọdé ló ń ṣiṣẹ́ jù: wọ́n ń gbé abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi àwo mìíràn bò lórí, láti ilé dé ilé, wọn kì í sì í dá abọ́ padà lófìfo.

Ọjọ́ Àjíǹde kì í dúró lójú kan. Láti ìgbà ìpàdé Nicaea ní 325 ni ìjọ ti fẹnu kò pé ọjọ́ Àìkú kan náà ni kí gbogbo onígbàgbọ́ máa ṣe é; òṣùpá tó bá kún ní ọjọ́ 21 oṣù Ẹrẹ́nà tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Pẹ́ńtíkọ́sì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Ọdún yìí ti ní ìtumọ̀ mìíràn ní Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Òkudù 2022, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní òpópónà Ọ̀wàlúwà, wọ́n pa nǹkan bí ogójì ènìyàn tó wá jọ́sìn. Ẹni tó bá ń ka àwọn ọdún agbègbè yìí kò lè fo èyí: fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọjọ́ ìdùnnú ìjọ ti di ọjọ́ ìrántí òkú.

Iléyá

Iléyá kò bá oko rìn rárá. Ọdún òṣùpá àwọn mùsùlùmí jẹ́ ọjọ́ 354, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, ó sì ń yí gbogbo àsìkò ká láàárín bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní 2007, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Kérésìmesì dé nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Òkudù ló bọ́ sí, inú òjò, tí iṣu wọ́n. Ẹni ogójì ọdún ti pa àgbò nínú ọyẹ́ rí, ó sì ti pa á nínú ẹrẹ̀. Ohun tí kì í yí ni ìrìn-àjò: ọmọ Èkó á wálé, ọmọ Ìbàdàn á wálé, owó ọkọ̀ á sì fò sókè láìbèèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn odi

Àwọn ọmọ Yorùbá tó kọjá òkun gbé ọdún wọn lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé òjò ilé lọ. Ní Salvador, ní Brazil, ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn fún Yemọja sínú òkun, ìgbà ooru tiwọn sì ni. Ní Abúlé Ọ̀yọ́túnjí ní South Carolina, tí Ọba Efuntola Adefunmi dá sílẹ̀ ní 1970, àwọn ọdún òrìṣà ni wọ́n fi ń ka oṣù.

Ẹni tó bá fẹ́ wo Ìgógó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ará Ọ̀wọ̀, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún. Kí ó fi fìlà àti gèlè sílẹ̀ nílé.