Ilé, Ilẹ̀, Ẹ̀rọ àti Irinṣẹ́ Nínú Ìwé Ìṣirò Owó Ilé-iṣẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó fẹ́ fi owó ọmọ ẹgbẹ́ dókòwò, yóò rí àkọlé yìí nínú ìwé ìṣirò owó ọdọọdún. Iye tí a kọ sí iwájú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ó wà ní báńkì.

Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀

Ìlànà IAS 16, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà ní ọjà ìdókòwò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ní 2012, ni ó ṣe àlàyé rẹ̀. Ohun tí a lè fojú rí ni, tí ilé-iṣẹ́ ń lò fún iṣẹ́, tí yóò sì pẹ́ ju ọdún kan lọ. Ọkọ̀ tí búrẹ́dì fi ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ tí oníṣòwò ọkọ̀ gbé síta fún títà kò sí lára rẹ̀, ọjà ni.

Iye tí a ń kọ

Iye tí a ra ẹ̀rọ, owó-orí ẹnubodè, owó gbígbé àti owó títò ó sípò ni a ń pa pọ̀. Owó àtúnṣe ojoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Ìnáwó ọdún náà ni.

Bí ó ṣe ń dínkù

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ mílíọ̀nù 12 náírà, tí a retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, tí a ó sì tà á ní mílíọ̀nù 2 níkẹyìn, mílíọ̀nù 1 ni a ó máa yọ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún 4, mílíọ̀nù 8 ni yóò kù nínú ìwé. Ilé ń gbó, nítorí náà a ń yọ iye tirẹ̀. Ilẹ̀ kì í sábà gbó.

Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò

A rọ̀ yín kí ẹ ka àlàyé tí ó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò náà. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n fún ẹ̀rọ: bí ó bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, èrè yóò dàbí ẹni pé ó pọ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ra ohun tuntun ni, tàbí wọ́n kàn tún iye ti àtijọ́ dá, nítorí àtúndá iye kì í mú owó wọlé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo èyí tí wọ́n ti fi dógò láti yá owó. Bí gbèsè náà kò bá ṣe é san, ayánilówó ni yóò kọ́kọ́ gbà á, kí ó tó kan onípìn-ín.