Erédò Súngbọ́: Odi Tí Opó Kan Fi Ṣe Ọmọ

Bí àlejò bá bèèrè ohun àtijọ́ tí ó yẹ ní wíwò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Súngbọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ. Yàrà àti odi erùpẹ̀ ni, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ.

Àwọn baba wa sọ pé Bilikísù Súngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ni ó ṣe é kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì. Àwọn kan ń pè é ní Ayaba Ṣébà. Ṣùgbọ́n ayé Ṣébà fi ohun tí ó lé ní 1,500 ọdún ṣáájú odi yìí. Ẹ má fi ògo àlejò bo ti onílé mọ́lẹ̀.

Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ síwájú UNESCO. Síbẹ̀, títì àti oko ń jẹ odi náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bímọ, gbogbo Ìjẹ̀bú ni ọmọ rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ará Agọ̀-Ìwòyè, ẹ má jẹ́ kí a wó ilé ìyá wa. Àṣẹ.