Ìsàlẹ̀ Ni Kí A Wò: Ìtàn Ààyè Aláàbọ̀ Ara láti Ààfin Bìní dé Ilé Ara Rẹ̀

Ìfáárà

Òwe méjì kan wà tí àwọn Yorùbá máa ń pa, tí àwa olùkọ́ sì máa ń lò nínú kíláàsì láìfi ara balẹ̀ wo ẹni tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Èkíní ni pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èkejì ni ti amúkùn-ún tí wọ́n sọ fún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, tí ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìmúra sílẹ̀ ni òwe kìn-ín-ní ń sọ, àti pé wíwá gbòǹgbò ọ̀ràn ni èkejì dá lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ka òwe méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, a ó rí nǹkan mìíràn. Arọ inú òwe kìn-ín-ní ń gbé láàárín ìlú. Ìròyìn ń tó o létí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń pinnu ìgbà tí yóò gbéra. Amúkùn-ún inú òwe kejì ru ẹrù rẹ̀ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dá àwọn tí ń bẹnu àtẹ́ lù ú lóhùn. Kò sí alágbe nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn: àgbàlagbà tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara, tí ó fẹ́ gbé ilé ara rẹ̀, kí ó sì máa jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò. Ìlú Bìní ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn ọba tí ó rọ lẹ́sẹ̀ ti gbajúmọ̀. Láti ibẹ̀ ni a ó ti gba Ọ̀wọ̀, Èkó àti Ìbàdàn kọjá. Èrò wa ni pé ibi tí àwùjọ bá fi aláàbọ̀ ara sí ni ó ń pinnu ohun tí ó lè dà, ju ohun tí ó ṣe é lẹ́sẹ̀ tàbí lójú lọ.

Ọba tí Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Pamọ́

Nínú ìtàn Bìní tí Jacob Egharevba kọ sílẹ̀, nǹkan bí 1334 ni Ọba Ohen gorí ìtẹ́. Lẹ́yìn tí ó ti jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọn a gbé ọba wọ ilé ìgbìmọ̀ kí àwọn ìjòyè tó dé, kò sì ní kúrò lórí ìjókòó títí gbogbo wọn yóò fi lọ tán. Iyase, tí ó jẹ́ olórí àwọn ìjòyè, fura. Ó fi ara pamọ́ lẹ́yìn ìpàdé, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń gbé ọba. Àṣírí ọba tú sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ òun náà, ọba sì ní kí wọ́n pa á. Ikú Iyase yìí ni ó dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn sọ pé òkò ẹfun ni wọ́n sọ pa Ohen.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú òwe amúkùn-ún wo ìtàn yìí. Ní gbogbo àkókò tí ẹsẹ̀ ọba ti rọ, ìgbìmọ̀ ń jókòó, ẹjọ́ ń lọ, àṣẹ ń jáde. Ohen ní àwọn tí ń gbé e, orí rẹ̀ sì pé. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tí kò lè rìn ni ó da ìlú rú. Ohun tí ó dà á rú ni òfin tí kò fi ààyè sílẹ̀ fún ọba tí ara rẹ̀ kò pé, àṣírí tí òfin náà bí, àti ẹ̀jẹ̀ tí a ta sílẹ̀ kí àṣírí má baà tú. Bí ó bá ṣeé ṣe kí a gbé ọba wọlé ní ojú gbogbo ìjòyè, Iyase kì bá tí ní ohun tí yóò máa yọ́ wò.

Ohun ìyanu ni pé ẹsẹ̀ kan náà yìí tún fara hàn nínú iṣẹ́ ọnà idẹ Bìní. Àwòrán ọba kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹja àrọ̀ méjì ni ó wà ní ipò ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní Ohen ni. Àwọn mìíràn ní àjọṣe ọba pẹ̀lú Olókun ni ọnà náà ń fi hàn. Ìtumọ̀ méjèèjì lè jọ rìn, nítorí pé ẹsẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ rí ní gbangba ti di ẹsẹ̀ òrìṣà lára idẹ. A fi í pamọ́, a tún sọ ọ́ di òrìṣà. A kò fi ààyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì fún ènìyàn lásán tí kò lè rìn.

Aràrá Ààfin àti Ẹni Òrìṣà

Kì í ṣe ọba nìkan ni ó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ère idẹ aràrá méjì wà tí wọ́n kó wá láti Bìní. Àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ti tó ọ̀rúndún kẹrìnlá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó rọ wọ́n mọ àwọn tí ó ń wò: kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ojú wọn sì jẹ́ ojú ènìyàn tí a lè dá mọ̀. Aràrá a máa wà láàfin Bìní, wọn a máa dá ọba lára yá. Wọ́n ní oúnjẹ, wọ́n ní aṣọ, wọ́n sì ní ọlá. Ṣùgbọ́n ilé ọba ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ilé ara wọn.

Láàárín àwọn Yorùbá, Ọbàtálá ni ìgbàgbọ́ wa so mọ́ abuké, àfín, arọ àti aràrá. Ẹni òrìṣà ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, òrìṣà ni ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀sanyìn pàápàá, tí ó ni ewé àti ìwòsàn, ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọlọ́wọ́ kan, olójú kan ni a gbà pé ó jẹ́. Èrò ńlá ni pé ẹni tí ara rẹ̀ kò pé ni ó ń wo àwọn tí ara wọn pé sàn. Ìgbàgbọ́ yìí dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ẹnu àti ọwọ́ àwọn ìkà. Síbẹ̀, ojúbọ ni ààyè tí ó là sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí a bá ń bẹ̀rù gẹ́gẹ́ bí ẹni òrìṣà, ó ṣòro kí a yá ilé fún un, kí a gbà á sí iṣẹ́, tàbí kí a fi ọmọ fún un láya.

Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ibi Ìkọ́ṣẹ́

Ìjọ àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni ó ṣí orí mìíràn nínú ìtàn yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní Gindiri, ní àgbègbè Jos, ní 1953. Ní 1955, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ire àwọn afọ́jú, èyí tí ibi ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òṣòdì ní Èkó. Ti Òṣòdì yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tí ó ń gbà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Braille, iṣẹ́ ọwọ́ àti bí a ti ń fi ọ̀pá rìn. Ní 1962, ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Èkó.

Ti àwọn adití yàtọ̀ díẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí etí rẹ̀ di ní kékeré, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960. Èdè ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ni. Níbi púpọ̀, olùkọ́ tí ó ń gbọ́rọ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ tí kò gbọ́. Ní ti Foster, adití ni ó dúró níwájú adití. Ọmọ tí ó ń wò ó rí àgbàlagbà tí ó lè dà lọ́la. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ni ó pa Foster ní Rwanda ní 1987, ṣùgbọ́n ipa èdè ọwọ́ tí ó mú wá kò tíì parẹ́ nínú èyí tí àwọn adití Nàìjíríà ń lò.

Àwọn ilé wọ̀nyí ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ìwé ẹ̀rí, tí yóò jáde sí ìgboro. Ìgboro náà kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

Ẹni tí Ó Gbé Ara Rẹ̀ ní Gbangba

A bí Benjamin Adérounmú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kòkòrò, ní Ọ̀wọ̀ ní 1925. Láàárín Ifẹ̀ àti Bìní ni ìlú Ọ̀wọ̀ wà, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì bá ti ìlú méjèèjì tan. Ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré. Ó di olórin ìgboro ní Èkó, ó ń lu tambourine, ó ń kọrin fún àwọn tí ń kọjá. Òun ni a gbà pé ó fún Cyprian Ekwensi ní àwòkọ́ fún ìwé The Drummer Boy tí ó jáde ní 1960. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú ní 2009. Ní Ìbàdàn, Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́ arọ láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ní 1997. Ó ní ilé iṣẹ́ orin àti rédíò, ó sì gba àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pípé síṣẹ́.

Bí a bá fi àwọn méjì yìí wé Ọba Ohen, a ó rí i pé kì í ṣe pé wọn kò ní olùrànlọ́wọ́. Afọ́jú nílò ẹni tí yóò mú un sọdá títì, ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ sì nílò ẹni tí yóò tì í. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbangba ni ìrànlọ́wọ́ tiwọn wà. Ní Amẹ́ríkà, Ed Roberts, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, wà lára àwọn tí ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Berkeley ní 1972 láti máa ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti gbé ilé ara wọn. Ìlànà wọn ni pé òmìnira kò túmọ̀ sí kí ènìyàn dá ohun gbogbo ṣe. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ni ó gbọ́dọ̀ sọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ó fẹ́, ìgbà tí ó fẹ́ ẹ àti ọwọ́ ẹni tí yóò ti wá. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí àwa tí a ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Òfin àti Ilẹ̀

Ìjọba ológun ṣe òfin kan fún àwọn aláàbọ̀ ara ní 1993, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí yíyan aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tí ó bá rú u, 1,000,000 náírà sì ni fún ilé iṣẹ́. Ó ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara, ó sì fún àwọn ilé ìlò gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ní 2020, wọ́n kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ìṣẹ̀dá ti kúrò ní Áfíríkà. Àrùn náà lọ. Àwọn tí ó ti mú lẹ́sẹ̀ ṣì wà, wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wọ́n sì ń wá ilé tí wọn yóò yá.

Nígbà tí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè wa ń lò, a ó rí i pé iṣẹ́ kù fún àwa náà. Arọ, afọ́jú àti adití ń sọ ohun tí ó ṣe ara. Aláàbọ̀ ara, tí àwa pàápàá lò nínú àpilẹ̀kọ yìí, ń sọ pé ara kò pé. Akàndá ẹ̀dá, tí ó gbòde lóde òní, ń bu ọlá, ṣùgbọ́n ó tún ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni òrìṣà àtijọ́. Gbogbo wọn ni ó ń wo òkè. Kò sí ọ̀kan tí ó dárúkọ àtẹ̀gùn, gọ́tà tí kò ní ìdérí, tàbí onílé tí ó kọ̀ láti yá ni ní yàrá.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ààfin dé ojúbọ, láti ojúbọ dé ilé-ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn ni ó ń yan ibi tí aláàbọ̀ ara yóò wà. Ìlú gan-an ni ó kù tí a kò tíì tún ṣe. Ní Bìní lónìí, àárín oríta róbótó tí wọ́n ń pè ní Ring Road ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà, ọkọ̀ sì ń yí i ká. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ tí ó fẹ́ lọ wo ohun tí ó kù nínú iṣẹ́ idẹ àwọn baba ńlá Bìní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la títì náà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ní àwọn yunifásítì wa: ó yẹ kí a bi ara wa léèrè iye àtẹ̀gùn tí akẹ́kọ̀ọ́ arọ yóò gùn kí ó tó dé kíláàsì tí a ti ń túmọ̀ òwe arọ, àti iye ìwé Yorùbá tí afọ́jú lè fi ọwọ́ kà, tòun tàmì ohùn.

Amúkùn-ún ti fún wa lésì láti ìgbà láéláé. Ẹrù rẹ̀ kì yóò tọ́ nítorí pé a yí orúkọ rẹ̀ padà. Ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ni kí a tún ṣe.