Láti Orí Àrokò Dé Orí Tẹlifóònù

Àwọn baba wa kò ní tẹlifóònù, síbẹ̀ wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi rán ọmọdé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà kò ní bèèrè pé kí lèyí. Ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí i. Àrokò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àrokò fi ń rìn. Bí àìsàn bá ń sáré, tí iṣẹ́ tí a rán ń rìn, ẹ̀yin òǹkàwé mi, èwo ni yóò kọ́kọ́ dé?

Ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn dókítà fi rí ìwúlò rẹ̀. Ní 1879, ìwé ìròyìn àwọn dókítà kan ní ìlú Òyìnbó, The Lancet, sọ ìtàn dókítà kan tí wọ́n pè lóru nítorí ọmọ tó ń wúkọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà sún mọ́ tẹlifóònù kí òun gbọ́ ikọ́ ọ̀hún. Ó gbọ́ ọ, ó ní kì í ṣe àrùn tí wọ́n ń bẹ̀rù, kálukú bá padà lọ sùn. Nígbà tó di 1905, Willem Einthoven ti ń fi wáyà tẹlifóònù gba àkọsílẹ̀ lílù ọkàn aláìsàn láti ọsibítù dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leiden.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Wáyà ti so Èkó mọ́ London láti 1886, àwọn ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó sì ti ní tẹlifóònù ní 1893. Ti ìjọba ni o! Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, gbogbo ilà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò tíì pé mílíọ̀nù kan.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí l'Éjìgbò, ìlú Ògìyán. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn ọmọ Èjìgbò kún Ivory Coast fọ́fọ́? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọjá ní Kùtọnu, Lọmé àti Àkrà lọ ṣòwò l'Ábíjàn, débi pé ẹ ó gbọ́ Faransé lọ́jà Èjìgbò. Ọkọ wà l'Ábíjàn, aya wà nílé. Lẹ́tà tí a fi rán awakọ̀, tàbí kásẹ́ẹ̀tì tí a sọ̀rọ̀ sí, ni ó ń so wọ́n pọ̀. Ìyàwó a bímọ, wọn a sọmọ lórúkọ, kí bàbá tó gbọ́. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ṣàìsàn.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù alágbèéká fún ará ìlú. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyá onífóònù lábẹ́ agbòjò ni ọ̀pọ̀ ń bá ra ìṣẹ́jú. Nígbà tí Glo dé ní 2003, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, ara tu mẹ̀kúnnù díẹ̀. Ẹni tí kò lówó a fílàṣì. Lọ́dún 2002 tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast, àti nígbà tó tún bẹ́ ní 2010 sí 2011, ẹni tó ní fóònù kò ní láti dúró de awakọ̀ kó tó mọ̀ bóyá èèyàn òun ṣì ń mí.

Ní ti ìlera, ẹ jẹ́ á wo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 2009, ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù láti pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó wọn. Ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ìdádúró mẹ́ta ní í pa aboyún: kí ilé tó pinnu pé ó di ọsibítù, kí wọ́n tó débẹ̀, àti kí ẹni tó wà níbẹ̀ tó dá wọn lóhùn. Fóònù lè gé méjì àkọ́kọ́ kúrú. Ẹ̀kẹta kò sí lọ́wọ́ fóònù. Bí ó bá dún tí nọ́ọ̀sì kò gbé e, tàbí tí kò sí ẹ̀jẹ̀ àti iná l'ọ́sibítù, ariwo lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún nílé, ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ kọ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì àti ti awakọ̀ kan sára ògiri kí oṣù rẹ̀ tó pé, kí ẹ sì pè wọ́n wò lọ́sàn-án kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń gbé e. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wà l'Ábíjàn, ohùn yín ti ń délé lójú ẹsẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá pè yín lóru pé ara ìyàwó kò yá, ẹ má sọ pé kí wọ́n dúró di àárọ̀. Ìdúró yẹn ni wáyà ti wá mú kúrò láti ọjọ́ yìí.